Ẹ Jáwọ́ Nínú Gbígbá Ọmọ Lórí

Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe kejì yìí ni mo fi tọrọ àyè, nítorí pé ọmọ iléèwé ni mí, àwọn tí mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ju ẹgbẹ́ mi lọ: ẹ̀yin òbí wa nílé àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ní iléèwé. Tótó ṣe bí òwe o. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ẹ jáwọ́ nínú gbígbá ọmọ lórí. Ẹ má fi oríkèé ìka kàn án ní àtàrí mọ́. Ẹ má fọ́ ọ létí mọ́. Ẹ má ti ìpàkọ́ rẹ̀ lu ògiri mọ́. Àgbà tí kò jẹ́ kí orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà, kò yẹ kí ó jẹ́ òun kan náà ni yóò gbá orí ọmọ ọ̀hún lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nítorí pé ó ṣi ìṣirò ṣe.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní ọ̀pọ̀ iléèwé wa. Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ yóò ya àwòrán ọpọlọ sí ojú pátákó. Yóò kọ cerebrum, yóò kọ cerebellum, yóò kọ medulla oblongata. A ó máa pè é tẹ̀ lé e bí odídẹrẹ́. Ní ọjọ́ kejì, yóò ní kí ọmọ kan dìde kí ó dárúkọ wọn. Ọmọ náà rántí méjì, ó gbàgbé ẹ̀kẹta. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọwọ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ sí àtàrí rẹ̀, gbà! A ń gbá ọpọlọ nítorí pé ọpọlọ kò rántí orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹni tó ya àwòrán yẹn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwòrán lásán ni a yà, a kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan nípa ọpọlọ.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá kò mọ iyì orí. Bí ìyá bá fẹ́ súre fún ọmọ, orí ni ó ń gbé ọwọ́ lé. Bí oore bá ṣẹlẹ̀ sí wa, a ó ní orí wa ni ó ṣe é. Orí ni adé ń jókòó lé. Ta ni ó jẹ́ na ọwọ́ sí orí ọba? Àwọn agbẹ́gilére wa a máa gbẹ́ orí ère kí ó tóbi ju bí orí ṣe rí lára ènìyàn lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀gá ara wà. Ìyá ọmọ tuntun a máa fi ìka pa òróró sí àwùjẹ̀ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé eegun ibẹ̀ kò tíì pàdé. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí àwùjẹ̀ tó dí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó bá gbá ọmọ náà lórí, gbogbo agbo ilé ni yóò dìde sí i. Ṣùgbọ́n bí àwùjẹ̀ bá ti dí tán, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a rò pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di òkúta.

Kò di òkúta o. Ohun tó wà nínú agbárí ènìyàn rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ewé lára rẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kílò 1.4. Kò ju bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò sẹ́ẹ̀lì iṣan inú rẹ̀, wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 86. Awọ mẹ́ta ni Elédùmarè fi wé e, ó gbé e léfòó sínú omi, ó wá fi agbárí bò ó. Ohun tí a bá tọ́jú tó báyìí, ṣé ohun tí à ń gbá ni? Bí a bá gbá orí gidigidi, agbárí lè má sán, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ yóò mì. Ó lè sọ lu eegun níbi tí a ti gbá a, kí ó tún padà lọ sọ lu eegun lódìkejì. Ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ sínú agbè omi, tó wá gbọn agbè náà jìgìjìgì, yóò bá ẹ̀kọ fífọ́ nínú agbè tí kò sán.

Ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ni ọpọlọ pín sí: ọpọlọ ńlá, ọpọlọ kékeré àti ìtí ọpọlọ. Ọpọlọ ńlá ni ó gba àyè jù. Ó là sí méjì bí obì gbànja, ọ̀tún àti òsì. Tòsì ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, tọ̀tún ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan sì tún ní awẹ́ mẹ́rin bí obì àbàtà. Àwọn awẹ́ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí èdè wa ti ní orúkọ fún ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fìdí kalẹ̀ sí lára orí: iwájú orí, àtàrí, ẹ̀bátí àti ìpàkọ́. Ó ṣeni láàánú pé ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ni ọwọ́ àgbà máa ń bà lé. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbá ọmọ lè mọ ohun tí ó ń gbá.

Iwájú orí ni awẹ́ tó ń ro ọ̀rọ̀ ṣáájú wà. Òun ni ó ń pète, tí ó ń yan èyí tó yẹ, tí ó ń kó ẹnu àti ọwọ́ ní ìjánu. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, ní ìlú Cavendish ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní Amẹ́ríkà, Phineas Gage, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ojú irin, ń ki ẹ̀tù sínú àpáta. Ẹ̀tù gbiná. Ọ̀pá irin tó gùn ju mítà kan lọ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wọlé, ó gba òkè orí jáde. Gage kò kú. Ó sọ̀rọ̀, ó rìn. Ṣùgbọ́n John Harlow, dókítà tó tọ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà rẹ̀ yí padà: ẹni tí í parí ohun tó bá dáwọ́ lé di ẹni tí ń pète nǹkan tí ń fi í sílẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ di ẹlẹ́nu búburú. Láti inú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé ìwà ènìyàn ní ilé nínú orí rẹ̀.

Awẹ́ iwájú yìí náà ni ó máa ń pẹ́ gbó jù lọ. Ó ń dàgbà títí ènìyàn yóò fi sún mọ́ ọdún 25. Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́ tí wọ́n fi ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó sáré dáhùn kí ó tó ronú, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, kì í ṣe olórí burúkú. Iwájú orí rẹ̀ ni kò tíì gbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ta ni í lù ú kí ó lè pọ́n?

Ọwọ́ olùkọ́ mọ ọ̀nà àtàrí ju ibòmíràn lọ. Awẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí á mọ ibi tí nǹkan fara kàn wá, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá nǹkan wà lọ́tùn-ún tàbí lósì, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ó wà lára àwọn ibi tí a fi ń mọ iye nǹkan, tí a sì fi ń ṣe ìṣirò. Ẹ gbọ́ o: ọmọ ṣi ìṣirò ṣe, a sì lọ gbá a ní ibi tí ó fi ń ṣe ìṣirò. Bí ìyáàfin tó ń ránṣọ bá rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun ń fo okùn, ṣé òòlù ni yóò fi kan ẹ̀rọ náà lórí?

Ó wá ku ẹ̀bátí, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Yorùbá ní orúkọ méjì fún ìyà tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ jẹ ọmọ: ìgbátí àti ìfọ́tí. Etí wà nínú orúkọ méjèèjì. Gbá etí, fọ́ etí. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ìfọ́tí mọ ohun tí ó rí. Àtẹ́lẹwọ́ tó bá bo ihò etí lójijì lè fa awọ inú etí ya, awọ tín-ín-rín tó ń gba ohùn bí awọ gángan ṣe ń gba ọ̀pá. Àwọn dókítà etí mọ ọgbẹ́ yìí dáadáa. Nínú agbárí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yẹn, ni awẹ́ ẹ̀bátí wà. Òun ni ó ń gba ohùn tí etí kó wọlé, tí ó ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn, iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe fún wa: òun ni ó ń ya ọkọ ìyàwó kúrò lára ọkọ́ àgbẹ̀, tí ó ń ya ọkọ̀ ojú ọ̀nà kúrò lára ọ̀kọ̀ jagunjagun. Ní ọdún 1874, Carl Wernicke, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ ń dá lẹ́nu wọn ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n ń sọ kò nítumọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò sì yé wọn. Ọgbẹ́ wà nínú ọpọlọ wọn ní agbègbè ẹ̀bátí òsì. Àwa rèé, a ó fọ́ ọmọ létí tán, a ó tún bi í pé, "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Inú lọ́hùn-ún awẹ́ ẹ̀bátí náà ni ibi kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hippocampus. Ibẹ̀ ni ohun tuntun tí a kọ́ ń gbà kọjá kí ó tó di ohun tí a ń rántí. Ní ọdún 1953, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Molaison, tí wárápá ń bá jà gidigidi, gba iṣẹ́ abẹ ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà. William Scoville tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà yọ apá tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí ó fi kú ní ọdún 2008, kò lè fi ohun tuntun pamọ́ sí iyè mọ́. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó jáde, tó sì tún wọlé, àlejò ni lójú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí ẹ ń fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yín wọ̀ sí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ orí tí ẹ ń gbá ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà.

Ní ti ìpàkọ́, a máa ń sọ pé kò ní ojú. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni awẹ́ tó ń ríran wà. Ojú kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ìpàkọ́ ni ó ń sọ ọ́ di pátákó, di ìwé, di ojú ìyá ẹni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ìpàkọ́ gbá ilẹ̀ fi máa ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń jẹ ìyà nítorí pé wọ́n da ohun tó wà lójú pátákó kọ ní àkọgbà, nígbà tó jẹ́ pé awò ojú ni wọ́n nílò. Ẹ mú un wá jókòó níwájú ná, kí ẹ wò ó bóyá yóò tún ṣì í kọ.

Ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, lábẹ́ ọpọlọ ńlá, ni ọpọlọ kékeré wà. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ fojú kéré rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì iṣan tó wà nínú rẹ̀ ju ìdajì gbogbo èyí tí ọpọlọ ní lọ. Òun ni ó ń jẹ́ kí á dúró láìṣubú, kí onílù mọ ìgbà tí ọ̀pá yóò kan awọ, kí ọwọ́ akọ̀wé má gbọ̀n. Ìtí ọpọlọ ni ó wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi tí medulla oblongata tí à ń kọ́ sórí wà. Mímí tí à ń mí, ọkàn tó ń lù kì-kì-kì, àti oúnjẹ tí à ń gbé mì, iṣẹ́ ìtí yìí ni, bí a bá sùn, bí a bá jí. Ẹni tó bá di ọrùn ọmọdé mú tó ń gbọn ọ́n síwá sẹ́yìn nítorí inú ń bí i, ẹ̀mí ọmọ ni ó ń fi ṣeré, pàápàá bí ọmọ náà bá jẹ́ ìkókó.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìka lásán ni mo fi kàn án, n kò lo òòlù." Mo gbà pé ìka kan lórí ọmọ kì í sábà fọ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í gbàgbé ìṣirò bí àwa. Ní ọdún 2002, Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, yẹ ọpọlọ Mike Webster wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Webster ti gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré tí wọ́n fi ń forí kọlu ara wọn. Omalu rí àmì àìsàn tí ìkọlù orí lemọ́lemọ́ máa ń fà. Ọwọ́ olùkọ́ kò lágbára tó ti àwọn òmìrán wọ̀nyẹn, n kò sì sọ pé àìsàn kan náà ni yóò fà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó kéré lẹ́ẹ̀kan lè má kéré mọ́ bí ó bá ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ta ni nínú yín tó mọ iye ọwọ́ tó ti ba orí ọmọ yẹn lónìí, nílé, lọ́nà, ní kíláàsì àná, kí tiyín tó kàn án?

Bí a bá tilẹ̀ pa ti ọgbẹ́ tì, ìbẹ̀rù nìkan tó láti ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ hippocampus ni ohun kékeré kan wà tó ń jẹ́ amygdala. Ọdẹ adúgbò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fọn fèrè bí ewu bá ń bọ̀. Bí olùkọ́ bá gbé ọwọ́ sókè, ọdẹ yóò fọn fèrè, àyà ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, òógùn yóò bò ó, awẹ́ iwájú orí tó yẹ kí ó ronú yóò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, nítorí ẹni tí ẹkùn ń lé kì í jókòó ṣe ìsọdipúpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ka ìwé rẹ̀ já gaara nílé lálẹ́ àná fi ń dúró bí ère níwájú olùkọ́ láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ìbẹ̀rù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èyí tó tún burú jù ni pé amygdala yìí a máa tẹ ohun tó dẹ́rù bani mọ́ iyè bí òǹtẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà èyíkéyìí tí wọ́n gbá lórí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ orúkọ ẹni tó gbá a fún yín, yóò sọ ọjọ́ náà, yóò sọ ibi tí ó jókòó sí. Ẹ wá bi í pé ìbéèrè wo ni ó kùnà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè sọ. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́.

Mo tún fẹ́ gbèjà àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbèjà. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ọmọ yóò kàn dákẹ́ lójijì, yóò tẹjú mọ́ ibì kan, kò ní gbọ́ bí a bá pè é, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà yóò padà sí ohun tí ó ń ṣe láìmọ̀ pé òun lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ṣe. Oògùn rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, a ó ní ọkàn rẹ̀ kò sí níhìn-ín, a ó gbá a lórí kí ó lè jí, a ó sì sọ ọ́ ní olódo. Olódo! Ọ̀rọ̀ yẹn náà, ọwọ́ ni. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, olódo. Ọmọ tí kò ríran dáadáa, olódo. Ọmọ tí kò jẹun wá, olódo, nígbà tó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ tó yẹ kí ó jẹ ìdá 20 nínú agbára ara kò rí nǹkan kan jẹ láti àná. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbígbá orí kọ́ ni oògùn ìgbàgbé.

Mo mọ èsì tí àwọn àgbà yóò fọ̀. Wọn yóò ní, "Wọ́n gbá àwa náà lórí, a sì di ènìyàn." Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi: àwọn tí wọ́n gbá lórí tí wọn kò di ènìyàn ńkọ́? Àwọn tó sá kúrò ní iléèwé ní kíláàsì kẹta, tí wọn kò padà wá mọ́, ta ni ó pè wọ́n wá sọ tiwọn? Ẹni tó la odò já ni í ròyìn bí omi ti rí. Àwọn mìíràn yóò ní Ìwé Mímọ́ ní kí á lo ọ̀pá. Ìwé Òwe sọ̀rọ̀ ọ̀pá lóòótọ́, ó sì dárúkọ ẹ̀yìn. Kò ní kí á kan ọmọ ní àtàrí. Àwọn kan yóò tún ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n kọ́ ni òwe náà sọ, kò sọ pé gbá. Òwe mìíràn ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni a ní. Èwo nínú wọn ni a ní kí ó bà lé etí?

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì, a kò sì gbọdọ̀ ṣe é léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn máa dé akoto. Àwọn mìíràn tí wọn kò rówó rà á fi igbá borí. A rẹ́rìn-ín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi igbá borí mọ̀ ju ẹni tó ń fi ìka kan orí lọ, nítorí òun mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ kí á dáàbò bò.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí ọmọ bá gbàgbé, ẹ tún un kọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọpọlọ kékeré wà lábẹ́ ìpàkọ́, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ rántí cerebellum. Ẹ jẹ́ kí ó sùn dáadáa lálẹ́, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ lọ́sàn-án sí àyè wọn. Bí ó bá ṣẹ̀, iṣẹ́ wà tí a lè fún un: kí ó nu pátákó, kí ó gbá kíláàsì, kí ó jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Bí ọmọ bá sì ń gbàgbé lójoojúmọ́, ẹ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ yẹ etí àti ojú wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní kíláàsì àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà. Ẹ ń gbá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lórí nítorí pé wọ́n gbá ẹ̀yin náà. Bí ẹ kò bá fi í mọ sọ́dọ̀ yín, ta ni yóò fi í mọ?

Ní ọdún 1962, Dókítà Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kúrò ní Amẹ́ríkà padà wá sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó tẹ̀ lé e ń la agbárí pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọ́n ń dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n lè gba ibi tó kéré bí èékánná là nínú ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ojú ti ọwọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí kò rántí.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kẹ́ wa bà jẹ́. Ẹ bá wa wí. Ẹ fún wa níṣẹ́. Ẹ tún un kọ́ wa títí yóò fi yé wa. Ṣùgbọ́n orí tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé súre fún ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹ má tún gbé ọwọ́ kan náà gbá a.